Lẹ́tà Tí Kò Dé Ifẹ̀ Rí

Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi kan tó ń wa takisí ní Peckham fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Inú ń bí wọn. Kóòtù kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá ṣe júrì. "Àbúrò, mi ò jalè, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ni tèmi nínú ẹjọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí?"

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀sùn ọ̀daràn bá wúwo, adájọ́ kọ́ ló ń sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Ará ìlú méjìlá ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣà wọ́n láti inú ìwé orúkọ olùdìbò: onídìrí, tíṣà, awakọ̀. Ẹni tí kò bá yọjú láìnídìí lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Kóòtù máa ń dá díẹ̀ padà nínú owó tí èèyàn bá pàdánù, àmọ́ ó ní iye tí kò lè kọjá. Awakọ̀ takisí ni bọ̀ọ̀dá o, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyà tiwọn kéré. Lọ́dún 1670, wọ́n gbé William Penn wá sí kóòtù Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ó kó èrò jọ sójú pópó, ó ń wàásù. Júrì kọ̀, wọn ò dá a lẹ́bi. Adájọ́ bá tì wọ́n mọ́lé: kò sóúnjẹ, kò sómi, kò síná tí wọ́n lè yá. Wọn ò yí ohùn padà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, Edward Bushell ò san, ó wẹ̀wọ̀n. Adájọ́ àgbà Vaughan ló wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ wọn.

Kí ló wá dé tí lẹ́tà yẹn ò dé Lagere tàbí Ẹnuwá? Àwọn òyìnbó ò gbàgbé ẹ̀ sílé o. Wọ́n gba Èkó ní 1861, wọ́n fi òfin 1876 dá kóòtù gíga sílẹ̀ níbẹ̀, júrì sì wà l'Ékòó. Èkó náà ni wọ́n fi mọ. Nígbà tí Lugard dá kóòtù ẹkùn sílẹ̀ ní 1914 fún àwa ará inú ilẹ̀, ọ̀gá ìjọba tó ń ṣàkóso ẹkùn náà ló tún ń jókòó ṣe adájọ́. Wọn ò sì jẹ́ kí lọ́yà wọlé! Odidi ọdún mọ́kàndínlógún, títí di 1933. Ìjọba kan náà, ọba kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ará Èkó lè ní júrì àti lọ́yà, ará oko kò ní ìkankan. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí.

Lónìí, kò sí júrì ní Nàìjíríà mọ́. Adájọ́ nìkan ló ń pinnu, ì báà jẹ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Ní Gánà, èèyàn méje ṣì ń jókòó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rán gbogbo ẹ̀ sí bọ̀ọ̀dá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì.

"Àbúrò, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọ agbádá lọ?"