Etídò

Etídò: ilẹ̀ tó bá odò pààlà. "Etí" àti "odò" ló para pọ̀ dà á. Bèbè nǹkan ni "etí" níbí, bí a ti ń sọ etí aṣọ àti etí àwo. Bí omi náà bá jẹ́ òkun, etíkun ni; bí ó bá jẹ́ ọ̀sà, a ó pè é ní etí ọ̀sà, bí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà l'Ékòó.

Àpẹẹrẹ etídò ni ti Natako, àdúgbò kan ní Lọ́kọ́jà, ìlú tí Odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Níbẹ̀, etídò kì í dúró sójú kan: ó máa ń jìnnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ní 2012 àti 2022, omíyalé lé ọ̀pọ̀ ará ìlú kúrò nílé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sétídò, kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti dé rí.