Oògùn ìsoríkọ́ fún àwọn ọ̀dọ́langba

Oògùn ìsoríkọ́ fún àwọn ọ̀dọ́langba ni oògùn tí dókítà ń kọ fún àwọn ọmọ bí ọdún 12 sí 17 tí ìsoríkọ́ ń bá jà, tí wọ́n sì ń ti ilé wá gba ìtọ́jú láìjẹ́ pé a dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni ọ̀wọ́ oògùn tí a mọ̀ sí SSRI, tó ń jẹ́ kí èròjà serotonin pẹ́ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, méjì péré nínú ọ̀wọ́ yìí ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí fún ìsoríkọ́ àwọn ọmọdé. Ọdún 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí fluoxetine fún ọmọ ọdún 8 sókè, ọdún 2009 sì ni ti escitalopram fún ọmọ ọdún 12 sókè.

Ìkìlọ̀ ọdún 2004

Ní oṣù kẹfà ọdún 2003, àwọn aláṣẹ oògùn ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi paroxetine tọ́jú ìsoríkọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ọdún náà tó parí, fluoxetine nìkan ló kù nínú SSRI tí wọn kò kìlọ̀ lé lórí. FDA náà wá kó èsì ìdánwò 24 jọ, èyí tí àwọn ọmọ tó lé ní 4,400 kópa nínú rẹ̀. Nínú 100 ọmọ tó lo oògùn gidi, bíi 4 ni èrò tàbí ìṣe ìpara-ẹni hàn lára wọn. Nínú 100 tó lo oògùn tí kò ní agbára kankan nínú, bíi 2 ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, àjọ náà pàṣẹ pé kí a tẹ ìkìlọ̀ onílà dúdú sínú ìwé gbogbo oògùn ìsoríkọ́. Ní ọdún 2007, wọ́n fẹ ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Ìlọ́po méjì yìí kò túmọ̀ sí pé ikú di ìlọ́po méjì: kò sí ọmọ kankan tó pa ara rẹ̀ nínú ìdánwò 24 náà. Èrò ikú yàtọ̀ sí ikú fúnra rẹ̀, bí àwọn oníṣègùn tilẹ̀ kà wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, oògùn tí wọ́n ń kọ fún ọmọdé dín kù ní Amẹ́ríkà, iye àwọn ọ̀dọ́ tó pa ara wọn níbẹ̀ sì gòkè láàárín ọdún 2003 sí 2004. Àwọn onímọ̀ kan so méjèèjì pọ̀, àwọn mìíràn kò gbà; àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Ìtọ́jú

Nínú ìdánwò TADS, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, àwọn ọ̀dọ́langba 439 ni wọ́n yẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ 12. Ara ìdá 71 nínú 100 yá lára àwọn tó gba fluoxetine pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Fluoxetine nìkan mú 61 wá, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan mú 43, oògùn aláìlágbára sì mú 35.

Ìlànà àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí dókítà àìsàn ọpọlọ àwọn ọmọdé kọ́kọ́ yẹ ọmọ náà wò, kí oògùn má sì dá wà láìsí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Mílígíráàmù 10 lójúmọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fluoxetine. Nítorí pé ọmọ kò sùn sí ilé ìwòsàn, ojú àwọn ará ilé ló ń ṣọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: àìrí oorun sùn, ara tí kò balẹ̀, ìbínú òjijì. Bí ọmọ bá dárúkọ ikú, ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà gbọ́. A kì í sì í já oògùn náà sílẹ̀ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù, kí òòyì àti àìfararọ má baà tẹ̀ lé e.