Ìwé Amos Tutuola: Àbùkù Èdè àti Adùn Ìtàn

Ní ọdún 1952 ni ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tẹ ìwé kan jáde tí a ń pè ní The Palm-Wine Drinkard. Amos Tutuola ni ó kọ ọ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920. Ikú baba rẹ̀ ní 1939 ni ó fi òpin sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó.

Ìtàn ọ̀mu kan ni, ẹni tí baba rẹ̀ fún ní oko tí ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀. Adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ni ọ̀mu náà bá gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní ilé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní àlọ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àwọn Òyìnbó yóò fi í ṣe ẹ̀rí pé aláìmọ̀kan ni aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí àkókò tí a ń bèèrè òmìnira ni.

Àbùkù ìwé náà kò fara sin. Gírámà rẹ̀ kò gún. Ìṣẹ̀lẹ̀ ń gun ara wọn lórí. A kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ìyàwó ọ̀mu náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ṣí i kì í fẹ́ pa á dé. Ìdí rẹ̀ ni pé Tutuola a máa ṣírò ohun ìyanu bí akọ̀wé ti ń ṣírò owó. Ọ̀mu àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní £70 18s 6d, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, kí ó máa san £3 10s lóṣooṣù. Ta ni yóò gbọ́ iye owó bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ mọ bí ọjà náà ti parí?

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìtàn náà ṣeré ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì tí a ń bá wí ti kúrò níbẹ̀, ìtàn sì dúró gbọnin. Níbẹ̀ ni ó ti hàn pé ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe èdè, ọ̀tọ̀ ni agbára ìtàn.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Olùkọ́ tí ó ń fi yíǹkì pupa sàmì sí àṣìṣe nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka ìtàn náà dópin. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan ni Tutuola nígbà tí ó ń kọ tirẹ̀. Ó kú ní 1997, a sì ń ka ìwé rẹ̀ síbẹ̀.