Àkúnlẹ̀gbà, Òmìnira Láti Yàn àti Àwọn Olóko Agége

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa Agége, búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà pápá ìṣeré, lẹ́yìn náà ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Díẹ̀ nínú wọn ni yóò rántí pé oko kòkó ló kún ilẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Díẹ̀ sí i ni yóò mọ̀ pé àwọn olóko náà da ìbéèrè ńlá kan rú nípa ọmọ ènìyàn: ta ni ó ń yàn fún un? Ṣé orí ni, ṣé àwọn aláṣẹ ni, àbí òun fúnra rẹ̀? Nígbà tí ó bá sì yàn tán, ṣé nítorí ara rẹ̀ nìkan ni ó fi yàn, àbí nítorí ẹlòmíràn?

Àwọn baba wa kò fi ìbéèrè yìí ṣeré. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́ta tí Yorùbá gbà ń sọ̀rọ̀ nípa ìpín. Àkúnlẹ̀yàn ni èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn. Àkúnlẹ̀gbà ni èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà. Àyànmọ́ ni èyí tí a yàn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ ohun kan náà. Ẹni tí ó yàn ni yóò dáhùn fún ohun tí ó yàn, ṣùgbọ́n ẹni tí a yàn mọ́ lè ní ọwọ́ òun mọ́.

Ìtàn Ifá nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Oríṣeéku ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìjà kánjú lọ sílé Àjàlá, wọ́n mú orí tí ó dùn ún wò, òjò sì pa á bàjẹ́ lọ́nà. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó sì gbé iyọ̀ àti owó dání. Iyọ̀ yẹn ni ó fi ta oníbodè lọ́rẹ, ẹni tí ó ti ń fi eérú se ọbẹ̀. Owó yẹn ni ó fi san gbèsè tí Àjàlá jẹ. Àjàlá fúnra rẹ̀ ni ó wá bá a yan orí rere. Àwọn olùkọ́ a máa fi ìtàn yìí kọ́ni pé sùúrù dára. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe sùúrù nìkan ni ó wà níbẹ̀: ọwọ́ tí ó ṣí láti fúnni ni ó mú orí rere bọ̀.

Àwọn Júù náà ní ìmọ̀ àwámárìídìí kan tí ó ń wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kabbalah ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hébérù ni “gbígbà”, bí ẹni pé ó bá àkúnlẹ̀gbà wa tan. Ìwé Zohar tí ó jẹ́ òpómúléró rẹ̀ jáde sójútáyé ní ilẹ̀ Spéènì ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Isaac Luria sì kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní ìlú Safed ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ìtàn Agége mu jù ni Yehuda Ashlag, ará Warsaw ní ilẹ̀ Pólàǹdì, tí ó kó lọ sí Jerúsálẹ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, tí ó sì kú ní 1954. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìfẹ́ láti gbà ni a fi dá ohun gbogbo. Ìfẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn máa gbà fún ara rẹ̀ nìkan. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń lò kò lè ṣàjèjì sí Yorùbá: àlejò dé, onílé gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ojú ń ti àlejò, ó kọ̀, onílé ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àlejò bá wá jẹun nítorí kí inú onílé lè dùn, gbígbà rẹ̀ ti di fífúnni. Ilé wo ni a kò ti rí èyí rí?

Ní 1933 ni Ashlag kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òmìnira. Hóró àlìkámà ni ó fi ṣe àfiwé. Hóró kò lè di ọkà mìíràn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò hù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a gbìn ín sí, òjò àti oòrùn tí ó bá pàdé, ni yóò sọ bóyá yóò yọ dáadáa tàbí yóò ràn. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí. Kò yan òbí rẹ̀, kò yan ẹ̀dá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àyíká tí yóò fi ara rẹ̀ sí: àwọn olùkọ́, àwọn ìwé, àwọn ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń tiraka láti yan àyíká tí ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni ìyìn tọ́ sí.

Agége rí irú yíyàn bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣáájú àpilẹ̀kọ náà. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí a bí ní 1866, ọmọ Ẹ̀gbá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ St Paul's Breadfruit ní Èkó. Alùfáà ìjọ náà ni James Johnson, ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi ara wọn yangàn. Láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti kú ní 1891, a kò tíì fi ọmọ Áfíríkà kankan sí ipò rẹ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ní 1900 wọ́n fi Johnson jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell sì ní kí ó fi Breadfruit sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un kúrò bí àwọn ọmọ ìjọ nínú. Ní 1901, ọ̀pọ̀ wọn jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ó yẹ kí a sọ pé ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kò bá wọn lọ. Johnson dúró sínú ìjọ Áńgílíkà títí ó fi kú ní 1917. Ó yàn, àwọn náà yàn.

Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ṣí, Agége sì wà lójú ọ̀nà náà. Coker ní oko ńlá ní Ifákò. Ní 1907, òun àti àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Áfíríkà. Níbí ni ìtàn náà ti ládùn jù. Àwọn alágbàṣe láti òkè ń wá ṣiṣẹ́ ní Agége. Wọ́n ń gba owó, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n ń gbé hóró kòkó lọ. Coker àti àwọn oníwàásù ìjọ náà ń rin ìrìn àjò lọ sí Oǹdó àti Èkìtì. Ìhìn rere àti iṣẹ́ oko ni wọ́n ń gbé lọ pọ̀. Olóko tí ó bá mọ ànìkànjọpọ́n ì bá fi ìmọ̀ náà pamọ́, nítorí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè bá a dù ú lọ́jà lọ́la.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Ìjọ Áfíríkà gba olóbìnrin púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ, Coker sì gbèjà àṣà náà gidigidi, ohun tí Johnson fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fara mọ́. Àwíjàre wọn ni pé ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ tú ilé ẹlẹ́ni tó dá a sílẹ̀, kí a má baà lé ìyàwó àti ọmọ síta nítorí ìrìbọmi. Àwíjàre náà lágbára. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ilé tí ó kún fún ènìyàn dára fún ẹni tí ó ní oko ńlá? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ alágbàṣe: ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà jẹ́ ọrẹ, ṣùgbọ́n òógùn wọn ni ó kọ́kọ́ sọ àwọn ọ̀gá di ọlọ́rọ̀. Nínú ìwà àwọn olóko wọ̀nyí, ìfẹ́ láti gbà àti ìfẹ́ láti fúnni dì mọ́ra bí okùn tí a lọ́ pọ̀. Ashlag kò ní jẹ́ kí ìyẹn yà á lẹ́nu. Lójú tirẹ̀, a kì í pa ìfẹ́ gbígbà. Ìdí tí a fi ń gbà ni a ń yí padà, ìyẹn sì ń gba àkókò.

Owó kòkó já wálẹ̀ lójijì ní 1920 sí 1921, gbèsè sì wọ ọ̀pọ̀ olóko lọ́rùn. Díẹ̀díẹ̀ ni gbànja gba ipò kòkó lórí ilẹ̀ Agége, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ sí ìhà àríwá. Nígbà tí Coker fi ayé sílẹ̀ ní 1945, igi kòkó ti kún Oǹdó àti Èkìtì, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.