Orúkọ Ìgbín Òkun Nílẹ̀ Tí Kò Mọ Òkun

Zawan, lẹ́bàá Jos, jìnnà sí òkun. Adágún ló mọ̀, àwọn kòtò tí àwọn awakùsà tánganran, tí ará Jos ń pè ní kuza, gbẹ́ sílẹ̀ tí òjò sì kún. Irú omi tó dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ ni Bulinus fẹ́ràn, ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Tsagiya ni àwọn Hausa ń pe àìsàn náà. Ẹ kọ ṣóńṣó ìkarahun Bulinus sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín: apá òsì ni ẹnu náà wà. Ọ̀tún ni ti ọ̀pọ̀ ìgbín. Ìṣáwùrú ọlọ́wọ́-òsì ni màá pè é nínú ìwé ìlera, ọmọdé á sì dá a mọ̀ létí omi.

Láti Senegal ni orúkọ Bulinus ti wá: onímọ̀ ẹ̀dá Michel Adanson pe ìgbín náà ní Bulin nínú ìwé rẹ̀ ti 1757. Lọ́dún kejì, Linnaeus, onímọ̀ tó ń sọ ẹ̀dá lórúkọ, mú Bulla, ọ̀rọ̀ Látìn fún ohun roboto tó ń yọ lójú omi tí ọṣẹ bá hó, ó fi sọ àwọn ìgbín òkun kan lórúkọ. Bí a bá tẹ̀ lé e, tí a ní "ìgbín ọṣẹ", ẹnìkan á fẹ́ fi wẹ̀. Ìgbín òkun ni màá pè wọ́n.

Ìrísí ìkarahun ni Linnaeus ń wò, ló bá kó ọ̀kan nínú àwọn ìgbín ńlá inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́ wọn: Bulla achatina. Wọ́n padà yọ ọ́ kúrò, ó di Achatina achatina. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA wò, ó hàn pé ìgbín igbó àti Bulla bá ara wọn tan ju bí owó ẹyọ ṣe bá èyíkéyìí nínú wọn tan lọ. Ẹni tó bá ní "ìgbín òkun" kò gbayì tó fún ìwé ìmọ̀, ìdáhùn mi nìyẹn.

Awọ pẹlẹbẹ kan bo orí àwọn Bulla. Òun ni wọ́n fi ń la iyanrìn kọjá, kì í sì í jẹ́ kí iyanrìn rọ́ wọ inú ìkarahun. "Orí" àti "asà" ni àwọn onímọ̀ fi Gíríìkì so pọ̀ láti sọ ẹgbẹ́ wọn ní Cephalaspidea. Alásàlórí bá a mu rẹ́gí. Hydatina physis, ìgbín òkun mìíràn, ní tirẹ̀ kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára ìkarahun, ara rẹ̀ sì fẹ̀ kọjá etí ìkarahun náà: ìgbín òkun abìlà.

Àwọn onímọ̀ ìgbín Malaquias àti Reid tú Bullidae, ẹbí tí Bulla wà, yẹ̀ wò lọ́dún 2008, ẹ̀yà 12 ni wọ́n fi sílẹ̀. N kò ní wá orúkọ Yorùbá fún méjèèjìlá. Kí Látìn máa jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹbí àti ẹ̀yà ara ni kí a sọ lórúkọ, torí àwọn ni olùkọ́ ń pè lójoojúmọ́.