Ọtí Kíkan àti Ẹ̀mí Àwọn Ìyá

Ìtàn tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ogun tàbí ti oyè. Ìtàn bí a ti ṣe wá ọ̀nà tí kò wọ́n ni, láti rí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ kí ó tó di ohun tí apá kò ká mọ́.

Dókítà George Papanicolaou, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tí ó ṣiṣẹ́ ní New York, ni ó la ọ̀nà. Ó rí i pé bí a bá mú omi díẹ̀ lójú ara obìnrin, tí a tẹ́ ẹ sórí dígí, tí a sì fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a lè mọ̀ bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 1928, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí títí di ọdún 1941, nígbà tí òun àti Herbert Traut tẹ ìwádìí wọn jáde. Mary aya rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí a máa dárúkọ òun náà.

Jẹjẹrẹ yìí kì í yára. Ó sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ibi tí ó kọ́kọ́ yí padà tó di àrùn gan-an, ẹni tí ó bá sì tètè rí i lè mú un kúrò. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ lẹ́tà tí a fi ń pe obìnrin láti ọmọ ọdún 25 títí dé 64. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tí ó wà lẹ́yìn lẹ́tà náà: ilé-ìfìwéránṣẹ́ tí kì í já ni kulẹ̀, ilé-àyẹ̀wò, àwọn tí ojú wọn ti mọ́ iṣẹ́ náà, àti obìnrin tí ó lè padà wá gbọ́ èsì. Ìpadàbọ̀ yìí gan-an ni ó ń ṣòro ní ilẹ̀ tálákà. Ẹni tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti tán, tí ọjà sì ń dúró dè é, kò ní padà.

Ní ìlú Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà, Dókítà Surendra Shastri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1998 láàárín àwọn obìnrin bí 150,000 tí ń gbé àdúgbò àwọn aláìní. Ọtí kíkan ni ohun èlò wọn. A ó fi òwú tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilé-ọmọ, a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tí kò bá dára yóò funfun. Àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà ni a kọ́ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí a gbọ́ èsì ní ọdún 2013, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí ti fi 31 nínú 100 dínkù láàárín àwọn tí a yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ìdajì àwọn obìnrin náà ni a kò yẹ̀ wò rárá. Ẹ̀kọ́ ìlera nìkan ni wọ́n gbà, kí a lè fi wọ́n wé àwọn yòókù. Àwọn kan bínú sí èyí. Àwọn olùṣèwádìí dáhùn pé kò sí àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀. Èmi kò rò pé ìdáhùn yẹn tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Ní Dindigul ní gúúsù Íńdíà, àwọn nọ́ọ̀sì lo ọtí kíkan bákan náà, wọ́n sì ń fi òtútù líle pa ibi tí ó bàjẹ́. Ní ọdún 2007 a gbọ́ pé ikú fi 35 nínú 100 dínkù. Ní Osmanabad ẹ̀wẹ̀, ọtí kíkan kò fi agbára tí ó dájú hàn. Àyẹ̀wò kòkòrò HPV, tí Harald zur Hausen ará Jámánì fi hàn ní ọdún 1983 pé ó wà nínú jẹjẹrẹ yìí, ni ó dín ikú kù sí nǹkan bí ìdajì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ṣe é. Láti ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi í ṣáájú, obìnrin sì lè mú ohun àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀.

Ní ti owó, Sue Goldie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2005 fún Íńdíà, Kẹ́ńyà, Peru, South Africa àti Thailand. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan láyé, ní ọmọ ọdún 35, yóò dín ewu rẹ̀ kù láti 25 dé 36 nínú 100, owó rẹ̀ kò sì ní tó dọ́là 500 fún ọdún ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan tí a bá gbà là.

Ní oṣù October ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Àwọn ìyá wọn ti kọjá ọjọ́ orí náà. Àyẹ̀wò ni ó kù fún wọn.