Òkúta Tí Ó Já ní Murchison

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ti ń súnmọ́, iná kan la òfuurufú kọjá lókè ìlú Murchison ní ilẹ̀ Ọsirélíà, òkúta dúdú sì já sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Èyí tí a ṣà jọ ju 100 kìlógírámù lọ.

Ní ọdún 1970 Keith Kvenvolden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn bá amino acid nínú rẹ̀, èyíinì ni èròjà tí ohun alààyè gbogbo fi ń mọ ara rẹ̀. Ó yẹ kí a wádìí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Nítorí a ti rí irúgbìn rí nínú ẹ̀là kan lára òkúta Orgueil, tí ó já ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1864, kí a tó mọ̀ ní ọdún 1964 pé ènìyàn ni ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ti Murchison kì í ṣe òógùn ọwọ́ àwọn tí ó ṣà á? Ọ̀pọ̀ amino acid ní ìrísí méjì, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Èyí tí a fi mọ ẹran ara àwa ẹ̀dá ayé, ti òsì ni. Ṣùgbọ́n nínú òkúta yìí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Stanley Miller pẹ̀lú ti rí amino acid ní Chicago ní ọdún 1953, nígbà tí ó fi mànàmáná àtọwọ́dá lu omi àti afẹ́fẹ́ inú ìgò, láìsí ohun alààyè kankan níbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ẹni tí ó bá amọ̀ kò tíì bá ìkòkò.

Láti bọ́ lọ́wọ́ iyèméjì, a rán ọkọ̀ OSIRIS-REx lọ bu erùpẹ̀ Bennu, àpáta kan tí ń yí oòrùn ká, wá nínú àpótí tí a dè pinpin. Ó gúnlẹ̀ ní Utah ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Nínú 20 amino acid tí ara wa ń lò, a bá 14 níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.